Ipò Tí A Fọwọ́ Ara Wa Gbé fún Àlejò

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn kòrónà ni. Garawa ìfọwọ́ ṣì wà lẹ́nu géètì ọ́fíìsì wa ní Oregun, ṣùgbọ́n omi ti tán nínú rẹ̀, aláǹgbá ló ń sá wọ ibẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ máa ń pè mí wá sí ìpàdé yín pé kí Màmá wá sọ bí a ṣe jà tí a fi ṣẹ́gun. Mo ti sọ ìtàn náà fún yín tó ìgbà mélòó kan, mo sì ń sọ ọ́ dáadáa. Ẹ ń pàtẹ́wọ́, ẹ ń fún mi ní mínírà àti míìtì-páì, èmi náà á gba ilé mi lọ ní Onígbòǹgbò. Ibì kan wà nínú ìtàn yẹn tí mo máa ń fò. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mi ò fẹ́ fò ó mọ́.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wẹ̀yìn wò títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìtàn obìnrin kan ni, Alhaja Sìdíkátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Agége, àti ipò kan tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ ọba tí a wà, nítorí àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wa ni láti máa yẹ ẹ̀rọ àwọn ilé iṣẹ́ wò, láti Oregun títí dé Agége, kí ẹ̀rọ má baà pa òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni o, ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni o, ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni o, gbogbo ibi tí bọ́ílà bá wà, ìyẹn ìkòkò irin ràgàjì tí wọ́n fi ń se omi títí yóò fi di oru tí ń yí ẹ̀rọ, àwọn èèyàn wa gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Èmi kì í lọ síbì kankan ní tèmi. Yàrá fáìlì ni mo wà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò nínú eruku ìwé, Ìyá Fáìlì sì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè mí. Èmi kan náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka wa.

Alhaja Sìdíkátù ni olórí àwọn tó ń lọ yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: adelé olórí ni. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ọba rí lè má mọ ohun tí adelé jẹ́. Ọ̀gá kan fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí o máa jókòó sórí àga rẹ̀ ná, kí o máa buwọ́ lùwé, kí o máa gba èébú tó bá ti òkè wá, títí wọn yóò fi yan ẹni tó ni àga. Oṣù mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́. Ọdún méje ni Alhaja fi ṣe é. Bó bá ti béèrè, wọ́n á ní kó ní sùúrù, fáìlì rẹ̀ ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá mọ iṣẹ́ yẹn, òun ni. Ó lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ilé iṣẹ́ kan, kó ní, "Ẹ pa á o. Ẹ̀rọ yín ń ṣàìsàn." Mo mọ ọjọ́ tó pa bọ́ílà ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan, tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ń pe àwọn èèyàn ńlá lórí fóònù, tó sì ń na fóònù náà sí i pé kó bá wọn sọ̀rọ̀. Alhaja ní, "Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lónìí, kí wọ́n wá dúró tì í." Kò sẹ́ni tó wá dúró tì í. Nígbà tí wọ́n tú bọ́ílà náà, ibi tí irin ti sán nínú rẹ̀ gùn tó apá mi.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. A jọ máa ń jẹun ọ̀sán ní yàrá fáìlì, bó bá sì di oṣù ààwẹ̀, èmi Kìrìsìtẹ́nì á lọ fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù jẹun tèmi, kí òórùn ọbẹ̀ má baà dá a lágara. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Á ní, "Ìyá Fáìlì, jẹun ẹ jẹ́jẹ́, egungun ẹran yẹn ò lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ Ajé kan ni sákúlà dé. Sákúlà ni ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti ìpele kẹrìnlá lọ sókè, ipò tó bá ṣófo kò ní jẹ́ ti òṣìṣẹ́ inú nìkan mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, ìbáà ti báǹkì wá, ìbáà ti ilé iṣẹ́ aládàáni wá, lè béèrè fún un. Wọ́n á ṣe ìdánwò, ẹni tó bá gba máàkì jù ni yóò gba ipò. Ipò tí Alhaja ń ṣe adelé rẹ̀ wà nínú ìwé náà, ìlà kẹta, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Ká má purọ́, ìjọba náà ní àwíjàre. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé ẹ̀wù kóòtù wọn ló ń wá síbi iṣẹ́. Wọ́n á fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga láàárọ̀ kí ọ̀gá lè rò pé wọn ò jìnnà, àwọn á sì ti dé Allen Avenue, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn ta ilẹ̀. Mo mọ kóòtù kan tó yẹ kí wọ́n fún ní ìgbéga, torí kì í pa iṣẹ́ jẹ. Àwọn yìí ló bí ìjọba nínú. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìdí. Obìnrin tó ń gun àkàbà irin nínú ooru ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n bá wí.

A ṣèpàdé lábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Kọ́mírèdì Báyọ̀ ni alága wa. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò nílò gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá gbé àga yín fún àlejò, orí kí ló fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí?"

"Ilẹ̀!"

"Ṣé ẹ máa jókòó sílẹ̀?"

"Láyéláyé!"

Ó wá gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ béèrè fún ipò kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ó ti yàrá fáìlì pa. Ó kọjú sí mi. "Ìyá Fáìlì, tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ pa, ṣé nǹkan kan lè jáde?"

Mo dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yàrá fáìlì, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa bi mí ní ohun tó ṣe pàtàkì níwájú èrò. Mo ní, "Tí mi ò bá ṣí i, eṣinṣin ò ní jáde." Wọ́n hó yèè. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀.

Ẹ ní láti mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dá wa lójú. Nínú iṣẹ́ ọba tí a mọ̀, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì kò ṣẹlẹ̀ rárá. Fáìlì ló ń gba èèyàn síṣẹ́, fáìlì ló ń gbé e sókè, fáìlì náà ló ń sin ín délé lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Fáìlì kì í sì í gòkè bí kò bá ti ọ̀dọ̀ àwa ará ìsàlẹ̀ gbéra. Mo ti rí àṣẹ àwọn ọ̀gá ńláńlá tó kú sórí tábìlì nítorí pé a sọ pé a ò rí fáìlì. Fáìlì gbogbo ipò tí wọ́n fẹ́ gbé fún ará ìta wà lọ́dọ̀ mi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi èèyàn sípò láìsí fáìlì ipò? Àṣìṣe tí ọlọ́jà kò lè ṣe nìyí, àgbẹ̀ kò lè ṣe é, àfi òṣìṣẹ́ ọba paraku.

Alhaja Sìdíkátù ló nawọ́ sókè. "Alága, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé a ò lè ṣe ìdánwò yẹn, ká gbé wọn ṣubú níbẹ̀, ká sì tún máa jà pé kí wọ́n ṣe é ní gbangba? Èmi ò bẹ̀rù ìdánwò o."

Ẹnì kan kígbe pé, "Ọ̀dàlẹ̀!" Èmi ni mo fèsì, èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹni tó fẹsẹ̀ kan wà nínú ilé tó fẹsẹ̀ kan wà níta, ilẹ̀kùn ló máa gbá a. Ẹ jókòó." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Mo ti yàrá fáìlì, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá bẹ̀ wá, wọ́n halẹ̀, a ò dá wọn lóhùn. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù ìdíje náà, Alhaja wọlé tọ̀ mí wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ kan dé, eruku wà lára híjáàbù rẹ̀, akoto tí wọ́n ń dé wọ ilé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Fáìlì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Bá mi mú fáìlì mi. Lẹ́tà kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ látinú ẹ̀, pé mo ti ṣe adelé fọ́dún méje. Wọ́n ní láìsí i, fọ́ọ̀mù mi ò ní wọlé."

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé a ti ti ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà ló wà lọ́rùn ẹ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la jọ fẹnu kò sí i."

"Gbogbo yín lẹ fẹnu kò. Èmi béèrè ọ̀rọ̀, o ní kí n jókòó."

"Tí mo bá ṣí i fún yín, mo ti ṣí i fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ìjà yẹn máa dàrú."

"Tó o bá wá tì í mọ́ èmi, ta lò ń bá jà?"

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọba ò bá ní èsì, òfin ló máa ń gbé jáde. Mo ní, "Ìpinnu ìpàdé ni."

Ó gbé akoto rẹ̀ sórí tábìlì mi. "Funkẹ́." Kì í pe orúkọ mi. "Ọdún kan ó lé díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Irú ẹ̀ ò tún ní dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́ mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gba ipò yẹn. Láìsí fáìlì? Kò lè ṣe é ṣe láyé."

Ó mú akoto rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀," ó sì jáde. Fáìlì rẹ̀ wà lórí pẹpẹ kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ǹ bá nawọ́ mú un láì dìde.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá. A kọrin, a jó yí igi furúùtù ká, Báyọ̀ ní a ti sin sákúlà náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ẹnu géètì, mo bá àwọn èèyàn tí mi ò rí rí, wọ́n gbé káàdì tuntun kọ́rùn, wọ́n ń béèrè ibi tí ọ́fíìsì wọn wà. Àwọn tó gba ipò nìyẹn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe gbogbo ètò náà, láti fọ́ọ̀mù dé ìdánwò, àwọn kan tí ìjọba háyà láti ìta ló sì bá wọn ṣe é. Kò sẹ́ni tó béèrè fáìlì kankan lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, àwa rò pé iwájú tábìlì wa lọ̀nà pin sí. Lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọ́n ń béèrè yẹn, òṣìṣẹ́ inú nìkan ni wọ́n ní kó mú un wá. Ará ìta ò nílò rẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ mi ò dí ẹnì kankan lọ́nà àfi àwọn tiwa.

A lọ fi ẹ̀hónú hàn ní Alausa, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ọ̀gá obìnrin kan tó ń bójú tó ìdíje náà, tó wọ awò ojú, ló dá wa lóhùn, kò sì pariwo.

"Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ béèrè fún ipò?"

"A ò béèrè. A kọ̀ ọ́ ni."

"Tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, tí ẹlòmíì wá gbà á, kí lẹjọ́ yín?"

Báyọ̀ yíjú sẹ́nu ọ̀nà, a sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ẹni tó gba ipò Alhaja, Ẹnjiníà Túndé ni wọ́n ń pè é. Ǹ bá fẹ́ kó jẹ́ aláfojúdi kí n lè rí ẹni kórìíra dáadáa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọlúwàbí ni, ó gbọ́n, ó sì ka ìwé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Alhaja lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Mà, ilé iṣẹ́ aládàáni ni mo ti ń gbé bọ́ílà kalẹ̀, mi ò tíì yẹ tẹlòmíì wò rí. Ẹ bá mi ṣe é." Alhaja bá a ṣe é. Wọ́n jọ ń jáde láàárọ̀, òun ló ń fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ gbọ́ ara ògiri hàn án, òun ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó máa ń kun irin tó ti gbó lọ́dà kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń kọ́ ẹni tó gbàga mọ́ yín nídìí?"

Ó ní, "Bọ́ílà ò mọ ẹni tó gbàga. Tí mi ò bá kọ́ ọ, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló máa kú. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe ìwọ náà."

Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe ìjà. Mo pe ìpàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró lábẹ́ igi kan náà, mo ní, "A ṣe àṣìṣe." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "a". Mi ò sọ pé Alhaja wá béèrè fáìlì. Mo ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ṣí, kò ní tì mọ́, ohun tó kù ni pé kí àwa náà lè gba ibẹ̀ wọlé, kí gbogbo ayé sì rí ẹni tó wọlé àti bó ṣe wọlé.

Báyọ̀ bínú. "Ìyá Fáìlì, kí làwọn òṣìṣẹ́ máa wá sọ? Pé ọrùn wa ti rọ̀?"

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Iyì alága ò tó ipò òṣìṣẹ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Ìjà ṣì wà, ibi tí a kọjú sí ló yí padà."

A kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n máa lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri níta pẹ̀lú orúkọ àti máàkì. A fẹ́ kí ọdún tí èèyàn fi ṣe adelé ní máàkì tirẹ̀. A sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì bá òṣìṣẹ́ fáìlì tó bá dá a dúró wí. Èmi ni mo kọ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Báyọ̀ kà á, ó wò mí.

A fẹsẹ̀ rìn láti Oregun dé Alausa láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí a ń kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bisikíìtì náà jáde, àwọn obìnrin tó fi nẹ́ẹ̀tì bo irun, wọ́n ń nawọ́ omi inú ọ̀rá sí wa, wọ́n ń béèrè pé, "Alhaja bọ́ílà dà?" Alhaja ò tẹ̀ lé wa. Iṣẹ́ ló lọ. A ti fẹnu kò pé a ò ní dá àyẹ̀wò ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ kan, ìdajì á jókòó sẹ́nu géètì, ìdajì á wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó níbẹ̀. Òjò pa wá, oòrùn sá wa. Wọ́n kọ kúérì sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pé ká ṣàlàyé ibi tí a wà ní àkókò iṣẹ́. A kọ èsì kan náà: "Ẹnu géètì yín ni mo wà. Ẹ yọjú lójú fèrèsé."

Ọlọ́pàá kan wá bá mi. "Màmá, ẹ dìde ńbí o."

"Ọmọ mi, orúnkún yìí kì í jẹ́ kí n tètè dìde. Lọ pe ẹni tó máa gbé mi wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò padà wá.

Lọ́jọ́ kẹwàá ni wọ́n pè wá wọlé. Obìnrin aláwò ojú náà ló jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ ká lé àwọn tó ti wọlé ni?"

Mo ní, "Rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́. Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú. Àwa kàn ní kẹ́ ẹ wo gbogbo ìka tó wà lọ́wọ́ ni."

Ó buwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí mo wá béèrè bóyá wọ́n lè tún ìdánwò àkọ́kọ́ ṣe, pàápàá ti ipò kan báyìí, ó mi orí. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Nígbà tí ìdíje kejì dé, ipò márùn-ún ló ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Àwọn tiwa gba mẹ́ta, ará ìta gba méjì. Wọ́n lẹ máàkì wọn mọ́ ògiri, a kà á, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Alhaja Sìdíkátù ti fẹ̀yìn tì ní oṣù méjì ṣáájú.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún un, mo jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ méjì, mo ń jẹ ìrẹsì. Ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, "Ṣé ìwọ ò gbọ́ ni? Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yẹn. Adelé ọdún méje o, ẹni tó wá láti ìta ló fẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀." Ìrẹsì wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo sì tún bu òmíràn sẹ́nu.

Ọdún tó kọjá ni mo tó lọ sọ́dọ̀ Alhaja ní Agége. Mo bá a ní ìta ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí."

"Dìde. Orúnkún ẹ ò dáa."

"Mi ò ní dìde."

"Mo ti forí jì ẹ́ ọjọ́ ti pẹ́. Ipò yẹn kọ́ ló ń dùn mí mọ́. Ó ti lọ." Ó da òkúta kan nù. "Àwọn èèyàn ọ́fíìsì yín ló sọ fún ọmọ mi pé mo gbòdo nínú ìdánwò. Ó bi mí. Mo ní mi ò ṣe ìdánwò kankan. Ó ní, 'Ẹ má wulẹ̀ bínú, Màmá, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.' Ó rò pé ojú ló ń tì mí tí mo fi ń purọ́. Ọmọ tí mo bí, Ìyá Fáìlì."

Ó gbọn atẹ náà, ó tún ní:

"Wọ́n ní ò ń lọ sọ ìtàn ìjà yẹn káàkiri. Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ wà nínú ẹ̀."

"Níbo?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ìwọ ṣáà ni akọ̀wé. Kọ ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a jèrè wà lára ògiri, ẹ lọ kà á: orúkọ àti máàkì, lọ́dọọdún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbìyànjú, ẹ tún lọ jókòó sẹ́nu géètì, mo ń bọ̀ wá bá yín, tèmi ti orúnkún mi. Bí àwọn ará ìta bá wá, ẹ bá wọn díje, ẹ má sá. Ohun tí a pàdánù ni obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, tó jáde lẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí adelé. Ọwọ́ ìjọba nìkan kọ́ ló ti bọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣèpinnu lọ́la, tí ẹnì kan bá sì nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má ní kó jókòó kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.

Gbèsè tó kù, èmi ni mo jẹ ẹ́, ibí sì ni mo ti ń san án. Alhaja Sìdíkátù kò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan. Kò jókòó ṣe é. Ó fẹ́ ṣe é, ó wá béèrè fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tó ku ọjọ́ méjì, fáìlì náà wà níbi tí ọwọ́ mi tó, mi ò fún un. Kì í ṣe ẹgbẹ́, kì í ṣe ìjọba, èmi Funkẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ tó bá ka ìwé yìí, lọ bá màmá rẹ nílé. Òtítọ́ ló sọ fún ọ.